Ohùn Tó Dáhùn ní Yàrá Karùn-ún

“Ohùn ta ni o gbọ́?”

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló bi í ní ìbéèrè yìí, nínú ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí àgbàlá, tí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọdébìnrin ni nígbà náà, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, gbogbo àwọn tó jókòó sì ń wò ó lẹ́nu. Ìbéèrè náà kò le. Orúkọ kan péré ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́, ó sì dá a kíá, nítorí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó ń darí èèyàn máa lọ́ tìkọ̀ bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí ti ń bá a gbé. Ó bá a dé ilé ọkọ, ó bá a tọ́ ọmọ, ó ń bá a wọ wọ́ọ̀dù láràárọ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun báyìí. Ìbéèrè náà kò gbó.

Ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bó bá wà nítòsí, Màmá ni àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń pè é. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, Fọwọ́kàn-án ni. Ohun tó fa orúkọ náà rè é. Bí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú bá fẹ́ fa iṣẹ́ lé àwọn tó dé láàárọ̀ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwọn wọ́ọ̀dù yòókù ni pé kí wọ́n dúró sídìí tábìlì, kí ẹni tó ń lọ sọ fún ẹni tó dé pé gbogbo aláìsàn pé, kí kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́ọ̀dù tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò kó àwọn tó ń lọ àti àwọn tó dé sẹ́yìn, yóò máa ti ìdí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí òmíràn, yóò sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti orí aṣọ ìbora. Kì í yára. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan wà ní balùwẹ̀, yóò lọ kan ilẹ̀kùn, bí ẹni inú ibẹ̀ bá sì dáhùn, kò tán síbẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan bínú sí i lọ́jọ́ kan láti inú balùwẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ti ní mo wà. Ṣé ẹ fẹ́ wá bá mi wẹ̀ ẹ́ ni?”

“Mo gbọ́, mà,” ó dá a lóhùn. “Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí yín.”

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí ẹnì kan bá ní oúnjẹ ti jinná, èkejì á ní, ṣé o ti fọwọ́ kàn án? Wọ́n ní bí Màmá bá dé ọ̀run, àfi kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àwọn áńgẹ́lì kó tó gbà pé òun ti dé. Ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́. Kò bá wọn wí. Nílé pàápàá, kí ó tó jáde láàárọ̀, ó máa ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó sùn sílẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ náà, ẹni tó fẹ́ràn àwàdà. Lọ́jọ́ kan ó la ojú, ó ní, “A pé o, ìyá àwọn ọmọ.” Ojú ìyàwó rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ohun tí kò ṣe rí. Ọkọ rẹ̀ kò tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó lè rò pé yóò di olórí ohunkóhun. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ti dàgbà, nínú ilé tí ọmọ kì í ti í lanu títí wọn yóò fi bi í ní nǹkan. Ó lè jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kí wọ́n má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọdọọdún ni wọ́n máa ń yan olórí kan. Àgbàlá ni wọn yóò ti pé jọ, kálukú yóò sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Lọ́dún yẹn, àwọn méjì tí wọ́n ń du ipò náà ti bú ara wọn débi pé ọ̀rọ̀ wọn sú gbogbo ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kígbe pé kí wọ́n kúkú mú ẹni tí kò ní lè pariwo mọ́ wọn, ó sì nawọ́ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ilé, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìgbé náà, gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó fi aṣọ wé àwọn kọ́kọ́rọ́ náà kí wọ́n má baà ró.

Ṣùgbọ́n ipò náà kọ́ ọ. Ìjà àkọ́kọ́ tó parí, ìjà ìdí ẹ̀rọ omi ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to korobá sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, wọn á sì lọ sùn, bí ilẹ̀ bá wá mọ́, àwọn tó jí ní kùtùkùtù á máa bá korobá tí wọn kò rí ẹni tó ni ín jà. Ó dúró sórí pèpéle, ó ní korobá tí ẹni tó ni ín kò bá dúró tì í, kò sí lórí ìlà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Ó gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe lọ kan ògiri tó sì padà wá bá a, ohùn náà sì dùn mọ́ ọn. Nígbà tí ìdánwò sún mọ́, òun ló lọ bá ọ̀gá àgbà, tí orúnkún rẹ̀ ń lu ara wọn lábẹ́ aṣọ, tó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má tètè máa pa iná mọ́, ó sì rí i gbà. Ó kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹni méjì tó ń jà láìjẹ́ kí ojú ẹni sọ ibi tí ọkàn ẹni wà. Ó kọ́ bí a ṣe ń sọ rárá fún ọ̀rẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀gá wọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọ̀la, ibẹ̀ ló ti kó o jọ, kò sì sẹ́ ẹ rí.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ti olórí nìkan. Orí ilé náà, níbi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni wọ́n ń sá aṣọ sí, ilẹ̀kùn irin kan ló sì jáde síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olórí gbọ́dọ̀ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó fojú rí gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí ó tó lọ ti ilẹ̀kùn orí ilé. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kùn pé ó ń bá àwọn ní ìhòòhò, pé ó ń da ìwé kíkà àwọn rú. Ó wá ronú ọgbọ́n kan. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń pe yàrá: “Yàrá kìn-ín-ní?” Ẹnì kan nínú yàrá á dáhùn pé, “A pé.” “Yàrá kejì?” “A pé.” Èémí kan ni yóò fi pe gbogbo rẹ̀ tán. Gbogbo ilé fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gá àgbà gbọ́, ó dúró níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó ní ohun tí àwọn ń wí nìyí nígbà tí àwọn bá ní kí ọmọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe olórí nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá Ilé nìkan ni kò yìn ín. Ó ní bí kò bá ṣe ti orúnkún tó ń dun òun ni, òun ì bá máa wọlé.

Ẹni mẹ́ta ló ń gbé yàrá karùn-ún. Ọ̀kan ni Ẹlẹ́rìn-ín, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan láìkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín; òun ló máa ń dáhùn fún yàrá wọn, “A pé, Olórí wa!” gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìkejì ni Tínínrín, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, tí kì í sáré, tí kì í sì í bínú. Ẹni kẹta wọn wà níbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí à ń wí yìí.

Lọ́jọ́ náà, Tínínrín fọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì sá a sórí ilé. Ọjọ́ kejì ni yóò kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù, ó sì ti ń sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú ọ̀run ṣú lójijì nírọ̀lẹ́. Ó lọ ká aṣọ náà, àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn sì rí i nígbà tó ń gòkè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí bóyá ó sọ̀ kalẹ̀. Orí ń fọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ó dùbúlẹ̀, ó fi aṣọ borí.

Olórí dúró síbi tó máa ń dúró sí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lu páànù ilé ìdáná tó wà nísàlẹ̀. Ó pe yàrá kìn-ín-ní, ó pe ìkejì, ó ń pè é lọ. Ó pe karùn-ún. Ó pe ẹ̀kẹfà. Nígbà tó parí, ó gòkè lọ síbi ilẹ̀kùn irin, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òjò wọlé lára rẹ̀, kò yọ orí síta. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó tì í.

Òjò náà kò dá bọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ló rí Tínínrín láàárọ̀, lẹ́yìn táǹkì omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ púpọ̀. Ó ká jọ bí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ibi tó fi lu ilẹ̀kùn. Ó ti ká aṣọ nọ́ọ̀sì náà, ó fi í sí àyà nínú aṣọ tó wọ̀, kí ó má baà tutù.

Bàbá rẹ̀ wá. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó ẹrù ọmọ rẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n fún òun ní aṣọ tó wà láyà rẹ̀. Ó fi aṣọ tútù náà sábẹ́ abíyá, ó sì gba ẹnu géètì jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe Olórí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà bi í pé ṣé ó pe yàrá karùn-ún, ó ní òun pè é. Ó bi í pé ṣé wọ́n dáhùn. Ó ní wọ́n dáhùn.

“Ohùn ta ni o gbọ́?”

“Ohùn Ẹlẹ́rìn-ín ni, mà.”

Wọ́n yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Mi ò rántí pé mo dáhùn, mà.” Kò sọ pé òun kò dáhùn. Létí àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbà sá ni. Wọ́n lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi Olórí sílẹ̀ lórí ipò rẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ó káre, pé kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ẹnu géètì ni Ẹlẹ́rìn-ín dúró dè é sí, àpótí rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Olórí,” ó ní, “ṣé o gbọ́ mi lóòótọ́?”

Olórí ń wo irin ẹnu àpótí náà. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti fi okùn so ó. Ó wò ó títí.

“Ó dáa,” Ẹlẹ́rìn-ín ní. “O jẹ mí lésì.” Ó gbé àpótí rẹ̀ lórí, ó sì lọ.

Kò tíì pẹ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín lọ tí Olórí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn náà. Yóò dúró síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, yóò tún ìrọ̀lẹ́ yẹn pè nínú ọkàn rẹ̀. Yàrá kejì, ẹni tó dáhùn wúkọ́. Ó gbọ́ ikọ́ náà kedere. Yàrá kẹta, ẹni méjì dáhùn pa pọ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ara wọn. Yàrá kẹrin, ọ̀rọ̀ náà jáde láti ẹnu tó kún fún nǹkan jíjẹ. Bó bá wá kan karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ń dé, “A pé,” ṣùgbọ́n kò ní ọ̀fun tó ti ń jáde. Kò ní ẹ̀rín nínú. Òjò ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wà níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá na ẹsẹ̀ nínú òkùnkùn sí ibi tó mọ̀ pé àtẹ̀gùn wà. Ó wá ń bi ara rẹ̀ bóyá ẹnì kan dáhùn, àbí etí òun, tó ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ló fún òun ní ohun tó máa ń fún òun.

Ìgbà tí èyí máa yé e délẹ̀, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó wá Ẹlẹ́rìn-ín lọ nígbà tí kò tíì jìnnà. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ti kó kúrò ládùúgbò tó wà. Lẹ́yìn náà, pípẹ́ tó ti pẹ́ ló wá ń tì í lójú. Ohun tó rí ṣe ni pé ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn. Lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́ọ̀dù bá pa rọ́rọ́, tó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, wẹ́rẹ́, láìní ọ̀fun: A pé. Kì í wẹ̀yìn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ni.

Lọ́dún tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá àgbà tuntun ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yan àwọn olórí wọn, òun sì fẹ́ kí ẹni tó ti ṣe é rí wá sọ àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún wọn. Ó kọ̀. Ọkùnrin náà tún ránṣẹ́, ó tún kọ̀. Igbákejì rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ló bi í pé, “Màmá, àbí kò sí àǹfààní nínú rẹ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, nítorí pé ó mọ̀ pé ó wà. Ó ní òun yóò lọ.

Ilé ìgbé náà ṣì dúró. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ mìíràn. Olórí tuntun ibẹ̀ ni wọ́n ní kó mú un yí ká, ọmọbìnrin gíga kan tó fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀ kí i, tó sì ń gbé àpò rẹ̀ fún un. Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn àwọn yàrá náà wà bí wọ́n ṣe wà. Níbi tí ilẹ̀kùn irin wà tẹ́lẹ̀ lókè, wọ́n ti fi bíríkì dí i, wọ́n sì rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àmì férémù rẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ ọ̀dà.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní, “Ṣé ẹ rántí yàrá tí ẹ gbé, mà?”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Fọwọ́kàn-án di ara àtẹ̀gùn mú. Ó bi ọmọ náà bóyá ẹnì kan wà nínú yàrá karùn-ún nísinsìnyí. Ọmọ náà ní rárá, mà, gbogbo wọn ti lọ sí gbọ̀ngàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Síbẹ̀ Fọwọ́kàn-án lọ ṣí ilẹ̀kùn náà, ó yọjú, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó pa á dé jẹ́jẹ́.

Ó ti ronú ohun tí yóò sọ ní gbọ̀ngàn. Nígbà tó dìde, ó sọ ìdajì rẹ̀. Ó ní ìjà ìdí omi ló kọ́ òun bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, ó sì sọ ti iná tí òun lọ bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣàpèjúwe orúnkún rẹ̀. Ó ní kí ẹni tí wọ́n bá yàn má sá fún un, nítorí ohun tí èèyàn bá fi kọ́ra nígbà tó ṣì wà lábẹ́ àwọn tó jù ú lọ ni yóò máa ṣe nígbà tí kò bá sí ẹni tí yóò bi í mọ́. Ó ní torí èyí, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹnì kan wà, ẹ wọlé lọ rí i. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, kódà kí ipò yín bọ́. Ó fi ìtàn yàrá karùn-ún sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó jókòó.

Ọmọbìnrin náà ló sìn ín dé ẹnu géètì. Ó ní ohun tí ẹ sọ pé ká máa wọlé yẹn, ohun tí ìyá mi sọ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n yàn mí. Fọwọ́kàn-án bi í léèrè iṣẹ́ ìyá rẹ̀.

“Aránṣọ ni, mà. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló ń rán jù.” Ó rẹ́rìn-ín. “Aṣọ tí ẹ wọ̀ yìí, òun ló rán an. Bó ṣe máa ń tẹ kọ́là rẹ̀ nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n.”

Láti ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń ra aṣọ fún wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ oníṣòwò kan, kò sì béèrè rí ẹni tó ń rán an. Ó gbé ọwọ́ sí ọrùn ara rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà júwe ìsọ̀ ìyá rẹ̀ fún òun.

Ìsọ̀ tóóró ni, láàárín ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ẹni tó ń ta gíláàsì. Àwọn aṣọ funfun so rọ̀ lókè láìlórí láìlẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ ń mì wọ́n díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín wà lábẹ́ wọn nídìí maṣíìnì, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sí ṣóńṣó imú. Ó wo ẹni tó wọlé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ kọ́là aṣọ náà kó tó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́.

“Olórí,” ó ní. Kò dìde. “Jókòó.”

Kò jókòó. Ó ní, “Mo wá san gbèsè kan.”

“Mò ń gbọ́.”

“Mi ò mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ. Mo sọ fún wọn pé mo gbọ́, torí ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo sọ orúkọ rẹ.”

Ẹlẹ́rìn-ín fi àtẹ́lẹwọ́ dá àgbá maṣíìnì dúró. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí aṣọ tó ń rán nù ún, ó ń nù ún nígbà tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ mọ́.

“Èsì tí o gbé wá nìyẹn?”

“Òun ni.”

“O rò pé mo fi ìbéèrè yẹn bú ọ ni, lẹ́nu géètì?” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Mò ń bi ọ́ ni. Orí ń fọ́ mi, oorun sì ń gbé mi lọ. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o pe yàrá kẹrin. Mi ò gbọ́ ẹ̀kẹfà. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára, Olórí, ó máa ń dáhùn kí n tó mọ̀ pé o pè. Mi ò mọ̀ bóyá ó dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yẹn.” Ó wo àwọn aṣọ tó so rọ̀. “Ẹnì kan péré ló lè sọ fún mi. Gbogbo ọdún yìí, mo máa ń sọ fún ara mi pé, Olórí mọ̀. Inú á bí i, ojú á tì í, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Lọ́jọ́ kan, á wá sọ fún mi.”

Fọwọ́kàn-án tún ìrọ̀lẹ́ náà pè, ó pe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tó dúró sí láàárín àwọn aṣọ funfun náà: ikọ́, ẹ̀rín ẹni méjì, ẹnu tó kún fún nǹkan jíjẹ. Ó dé karùn-ún. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe dúró rí lọ. Òjò ń rọ̀.

“Mi ò mọ̀,” ó ní.

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kankan kò tẹ̀ lé e.

Nígbà náà ni Fọwọ́kàn-án bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó wà lórí irin maṣíìnì náà. Ẹsẹ̀ náà gbóná. Ẹlẹ́rìn-ín kò fà á sẹ́yìn. Ó jẹ́ kí ọwọ́ náà wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

“O ṣì jẹ mí,” ó ní, ó sì tẹ maṣíìnì.